Lẹ́tà Tí Mo Fi Ẹ̀rín Kà

Ẹ má bi mí ní ọdún tó jẹ́, torí mi ò ní sọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n ka ọjọ́ orí mi, kó wá ibòmíràn lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rín dójú tì mí lóṣù tó kọjá níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa níhìn-ín ní Mowé, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ márùn-ún. Wọ́n ní kí n dìde, kí n kéde pé bàbá tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe ti di olóògbé. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe, mo ní, "Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni mo gbé wá o." Bí mo ṣe rí i tí gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi báyìí, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ láti inú ikùn mi, ó ń bọ̀ lọ́fun. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ wà. Kí n tó rí aṣọ ìnujú fi bo ẹnu, ó ti bọ́. Mo wú ikọ́ lé e lórí, mo ní omi ló gba ọ̀nà òdì lọ, bẹ́ẹ̀ mi ò mu omi kankan. Alága wò mí títí. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lórí, mo ń bi ara mi léèrè pé irú kí lèyí, ìgbà wo ni yóò fi mí sílẹ̀? Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sí ọdún tí Àǹtí Bọ́lá fẹ́ lọ sílé ọkọ.

Mowé ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí o. Àwọn ará Èkó kò tíì ra ilẹ̀ débi pé wọn yóò fi géètì dí gbogbo ọ̀nà. Téèyàn bá dúró lẹ́yìnkùlé wa, yóò máa gbúròó ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ láti òkèèrè, bí ẹni tó ń hanrun nínú yàrá kejì. Ìrẹsì Ọ̀fadà ni iṣẹ́ ilé wa. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló ń darí rẹ̀: wọn a rẹ ẹ́, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sórí ẹní, wọn a gún un, wọn a fẹ́ ẹ. Odó ló ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Bí odó bá sì dákẹ́, máṣíìnì ìránṣọ Àǹtí Bọ́lá a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa dún títí a ó fi jẹun ọ̀sán. Òórùn ìrẹsì bíbọ̀ yẹn, tí àwọn àlejò máa ń yímú sí, òun ni òórùn ilé fún mi. Tí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi lónìí, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, bí mo tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Iṣẹ́ tèmi ni kí n lé adìẹ lórí ẹní, kí n sì ṣa òkúta. Ìyá Àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ òkúta ṣeré. Ó ní ẹyọ òkúta kan ló ń ba odidi abọ́ jẹ́, pé ẹni tó bá géyín mọ́ ọn kò ní rántí pé ìrẹsì yòókù dùn. Mo rò pé ìrẹsì nìkan ló ń bá wí.

Ẹ̀rín mi ti di ọ̀rọ̀ ilé kó tó di ọ̀rọ̀ ìta. Bí tíṣà bá pè mí síwájú kíláàsì, màá rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ń bá mi wí, màá rẹ́rìn-ín, wọn á sì fi kún ìyà mi nítorí rẹ̀. Inú mi kì í dùn o, kò sì sí ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí, ẹ̀rù náà á wá gba ẹnu jáde bí ẹ̀rín. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún? Àwọn àgbà fúnra wọn kò ràn mí lọ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ wọn kò yé mi. Wọ́n á ní kí n tújú ká sí àlejò. Bí mo bá tú u ká, wọ́n á ní eyín mi ti pọ̀ jù níta. Bí ìyàwó bá ń lọ sílé ọkọ, lọ́jọ́ ayọ̀ gan-an, á máa sunkún, gbogbo èèyàn á máa yìn ín pé ó mọ iyì òbí. Èmi rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń sọ pé wọ́n gbé ìyá aládùúgbò wa lọ sí ọsibítù, wọ́n gbá mi létí. Mo wá ń rò ó pé ẹkún lọ́jọ́ ẹ̀rín dára, ẹ̀rín lọ́jọ́ ẹkún ló burú. Ta ló ṣòfin náà? Mo bi Ìyá Àgbà. Ó wò mí, ó ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti rí ẹni gbè mí. Nígbà tí mo tún rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì, òun náà ló gbé ìgbálẹ̀ tọ̀ mí.

Àǹtí Bọ́lá ni àbúrò bàbá mi tó kéré jù, inú ilé wa ló sì ń gbé. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń gé èékánná mi. Tí ìyá mi bá ń bínú sí mi, ẹ̀yìn àga máṣíìnì rẹ̀ ni mò ń sá sí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọkùnrin ti wá mọ ilé, tí wọ́n jẹun, tí wọ́n mumi, tí a ò sì gbúròó wọn mọ́. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà òwúrọ̀ ilé wa máa ń gùn tó bá ti kan orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Búọ̀dá Jídé wá dé láti Ifọ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tún rédíò ṣe, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn ará Ifọ̀ yóò wá tọrọ rẹ̀. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn ará ọkọ á kọ lẹ́tà, wọ́n á fi ríbọ́ọ̀nù dì í, ọmọbìnrin kan láti ilé ìyàwó, tí kò tíì lọ́kọ, á kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àgbà, á tú u, á kà á sókè kí ẹbí méjèèjì gbọ́. Ìyá mi ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èmi nìkan lọ́mọbìnrin inú ilé, mo sì mọ Yorùbá kà ju bàbá mi lọ. Ìyá Àgbà ní èmi ni yóò kà á, òun yóò kọ́ mi bí a ṣe ń lejú.

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kúnlẹ̀ sórí ẹní ìrẹsì, tí mo ń ka lẹ́tà ìgbéyàwó àtijọ́ kan fún àwọn adìẹ. A ti rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà yín, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà a jókòó sórí àpótí, a máa fẹ́ ìrẹsì, a máa kọ́ mi. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ bọ́, kí n fi eyín di ahọ́n mú. Bí kò bá gbọ́, kí n fi èékánná àtàǹpàkò gún ìka mi. Bí kò bá tún gbọ́, kí n rántí ọjọ́ tí ajá bù mí jẹ. Èyí tó fi ṣe ìkẹyìn, tó fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní kùnà, ni pé kí n wá ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn àlejò, kí n tẹjú mọ́ iwájú orí rẹ̀, kí n má mójú kúrò níbẹ̀. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, pé kò sí ọmọ tó ń wo iwájú orí àgbà tí ẹ̀rín ń pa. Àwọn adìẹ ní tiwọn kò bà mí lẹ́rù. Mo ń kà á já láìṣìṣe, ọkàn gbogbo ilé sì balẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé Bàbá Ifọ̀, bàbá tó bí Búọ̀dá Jídé, ti ṣe àìsàn kan tó mú un ní apá kan ara. Ó ti ṣiṣẹ́ ojú irin rí, ó ga, aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ojú òsì náà kì í sì í pa dé tán. Mo kúnlẹ̀, mo tú ríbọ́ọ̀nù, gbogbo pálọ̀ dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ọbẹ̀ tó ń hó nílé ìdáná. Mo ka ìlà kìíní, ó lọ dáadáa. Mo ka ìkejì. Èékánná mi ti wà nínú ìka, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n jẹ. Nígbà tí mo dé ibi òdòdó, mo mọ̀ pé ó ti ń bọ̀, mo bá gbójú sókè bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo wá ẹni tó dàgbà jù, mo tẹjú mọ́ ọn. Ojú mi bọ́ sójú Bàbá Ifọ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ó sì kọ̀, kò dúró. Mò ń kà, mò ń rín, "ọgbà yín", kẹ̀kẹ̀kẹ̀, "ọmọ wa Jídé", kẹ̀kẹ̀kẹ̀, omijé ń kán sórí ìwé. Mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà? Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló rí ibi tí ojú mi wà. Bàbá Ifọ̀ dìde fùú. Ó ṣí fìlà lórí, ó fi bo ẹnu, ó jáde. Àwọn èèyàn rẹ̀ wo ara wọn lójú, wọ́n dìde tẹ̀lé e. Búọ̀dá Jídé ló jáde kẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó sáré bá bàbá rẹ̀. Odidi ìkòkò ìrẹsì wà lórí iná, kò sẹ́ni tó bù ú.

Bàbá mi nà mí lọ́jọ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹgba, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dáwọ́ dúró, torí ẹ̀rù ba òun náà. Láti ọjọ́ yẹn, oríṣiríṣi ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń lo ẹnu mi. Ìyá mi mú mi lọ síbi àdúrà. Bí wọ́n ṣe gbọ́wọ́ lé mi lórí tí gbogbo wọn ń pariwo, mo tún rín, wọ́n ní ṣé ẹ rí i báyìí. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ mùsùlùmí, ní kí wọ́n má tún gbé mi lọ síbì kankan mọ́, pé òun bí ọmọ mẹ́jọ, òun mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀mí àti ẹ̀rù. Síbẹ̀ òun náà kò bá mi sọ̀rọ̀ bíi tàtijọ́. Èyí tó dùn mí jù ni máṣíìnì Àǹtí Bọ́lá. Kò dún mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, a ò gbọ́ nǹkan kan láti Ifọ̀, máṣíìnì náà kò sì dún. Àǹtí mi ṣì ń di irun mi, ọwọ́ rẹ̀ kò le, kò bínú, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá mi létí. Mo ń bi ara mi pé ṣé ìkà ni mí ni, àbí orí mi ni kò pé? Nígbà tó yá, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá lóòótọ́ ni mo fi bàbá yẹn ṣẹ̀sín, bóyá inú mi lọ́hùn-ún ló mọ̀ tí èmi kò mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ọlọ́run búra fún yín ni, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rú mi lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Búọ̀dá Jídé wá. Ó ní bàbá òun ní kí wọ́n mú ọmọ tó ka lẹ́tà wá sí Ifọ̀. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi ní ó ti parí, pé wọ́n fẹ́ fi ojú wa gbolẹ̀ ni kí wọ́n tó kọ̀ wá. Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá ránṣẹ́ síni kò tíì tilẹ̀kùn. Wọ́n kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀, gbólóhùn mẹ́ta péré. Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́ tán láìrẹ́rìn-ín, ìgbéyàwó ṣì lè wà. Bí mo bá rín, kí a kàn máa bọ̀ nílé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, Àǹtí Bọ́lá wẹ̀ fún mi bí ẹni pé mi ò tíì mọ ara mi wẹ̀. Ó wọṣọ fún mi, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀yìn, mi ò sì lè rí ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀.

"Àjọkẹ́, tó o bá rẹ́rìn-ín lónìí, mi ò ní bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní jẹ́ kí ọkùnrin kankan wá mọ ilé yìí mọ́. Ó ti tó mi."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mi ò rò pé ó gbọ́ mi.

Ọkọ̀ méjì la wọ̀ kí a tó dé Ifọ̀, èmi, bàbá mi àti Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ilé wọn wà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, Ìyá Àgbà, tó ju Bàbá Ifọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, fi orúnkún kan kanlẹ̀, mo sì rí i pé ó dùn ún. Bàbá Ifọ̀ sáré ní kó dìde. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajúro, mi ò lè sọ èwo ni. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún wọn, kí ọmọ náà tẹ̀lé òun sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà fẹ́ bá wa lọ, bàbá náà ní rárá, òun àti ọmọ náà nìkan. Mo wẹ̀yìn, mo rí bàbá mi tó di ife omi mú láìmu ún. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe mí." Gbólóhùn kìíní nìyẹn. Ó ku méjì. Ìkejì ló wà lẹ́nu mi tí ẹ̀rín fi dé. Mo di ahọ́n mú, mo gún ìka, mo rántí ajá. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mo sọ sínú ara mi pé mo ti ba ayé Àǹtí Bọ́lá jẹ́. Mo gbójú sókè kí n lè mọ ìgbà tí yóò lé mi. Bàbá náà ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ló ń sun. Nígbà tó yíjú padà, omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín. Ó ṣí fìlà, ó fi bo ẹnu, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe ní Mowé.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?" Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀."

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí kó sì dúró gba èsì. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn ti mú òun, ẹkún àti ẹ̀rín ti gba ipò ara wọn lára òun. Bí ẹ̀rù bá ba òun, tàbí bí nǹkan bá dun òun, ẹ̀rín ni yóò jáde, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, òun kò lè dá a dúró. Ó ní létí sàréè ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n ní kí òun sọ̀rọ̀ díẹ̀, òun bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa òun kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó ní kí òun dìde sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ẹbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sílé wa, bí òun ṣe gbọ́ ẹ̀rín mi, ti òun gbéra. Bí òun bá fi ìṣẹ́jú kan dúró sí i, orí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ òun ni òun ì bá ti máa rín kẹ̀kẹ̀ lójú àna. Òun bá sá. Kí òun tó dé ìdí ọkọ̀, àwọn èèyàn òun ti ń sọ pé òun jàre, pé kò sẹ́ni tí irú ìwọ̀sí yẹn kò ní bí nínú. Òun kò wí fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bi í pé kí ló dé, sà.

"Ìbínú níyì, ọmọ mi. Ta ló máa bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí?"

Ó ní òun wọ inú ìbínú náà tán ni òun kò wá rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ mi tí mo fi ń dá tèmi dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ahọ́n, èékánná, ajá, iwájú orí àgbà. Ó mirí. Ó ní òun ti gbìyànjú méjì nínú rẹ̀, pé iwájú orí àgbà ò lè ṣiṣẹ́ fún òun nítorí òun ni àgbà. Bí ó ṣe sọ ìyẹn, a tún bẹ̀rẹ̀. A ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí àwọn tó wà ní pálọ̀ má baà gbọ́. Nígbà tó ṣe, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ lókèèrè, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní, "Ó yá, rín in tán." Bí ọkọ̀ náà ṣe ń kọjá lẹ́yìn ilé, a yọwọ́ lẹ́nu, a rín in, ìró ọkọ̀ bo tiwa mọ́lẹ̀. Kò dùn mọ́ mi o, kò sì dùn mọ́ òun náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ọkọ̀ lọ tán, ara wá fúyẹ́. Ó nu ojú mi, ó nu tirẹ̀, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. A wọlé. Ó lejú koko, ó sọ fún Ìyá Àgbà pé ọmọ náà ti bẹ òun, pé òun ti gbà, kí wọ́n dá ọjọ́.

Mo ti rò ó títí, kò tíì yé mi tán. Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, àbí àgbà tó ṣàánú ọmọdé ni, tó fi ẹ̀rín tirẹ̀ bo tèmi? Èjìká tó ń mì yẹn, ṣé èèyàn lè fi tan ọmọ jẹ? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, irú ayé wo nìyí, tí àgbàlagbà méjìlá yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé ìbínú tí kò sí níbì kankan lé orí? Bàbá Ifọ̀ ti lọ, mi ò rẹ́ni bi. Àǹtí Bọ́lá ti bímọ mẹ́ta fún Búọ̀dá Jídé, níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọdé ní bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, èmi ló fi ń ṣàpẹẹrẹ.

Òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a padà dé Mowé lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n ti gbà. Ìyá Àgbà ní ọmọ yìí bẹ̀bẹ̀ bí àgbàlagbà, pé òun tẹ́tí títí, òun kò gbọ́ ẹ̀rín kankan. Àǹtí Bọ́lá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó di ojú mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bi mí pé kí ni mo sọ fún Bàbá Ifọ̀. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́ ni. Ó fà mí mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, omijé rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn.

"Mo mọ̀," ó ń wí, "mo mọ̀ pé o ò ní rẹ́rìn-ín."